Bàbá Tó Ná Ìrora Bí Ọjà

Bàbá Sàlàkọ́ na ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síwájú, ó wò wọ́n, ó pa wọ́n dé, ó tún na ti ọwọ́ ọ̀tún nìkan. Ìka àárín kò nà tán. Pákó ti já lù ú nígbà kan rí. Ó fi àtàǹpàkò òsì tẹ̀ ẹ́ títí ó fi tọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé iye náà kò pé.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ni ó wí.

Ìtẹ́olúwa Ọláòtán, obìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀, gbé bírò rẹ̀ kúrò lórí ìwé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa fi ìdárayá àti ọwọ́ wo ìrora iṣan àti eegun, ní kíníkì kékeré kan ní Ìtamága, ní Ìkòròdú. Ọdún 2005 ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bi bàbá náà ní ìbéèrè tó máa ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé: nínú mẹ́wàá, mélòó ni ìrora yín? Òdo ni kò sí ìrora rárá. Mẹ́wàá ni èyí tí èèyàn ò lè fara dà mọ́.

"Bàbá, mẹ́wàá ló parí sí."

"Mo gbọ́. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Kò sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbẹ̀, sà."

"Ó dáa. Mélòó lo máa gbà?"

"Kì í ṣe ọjà, sà."

"Ṣáà sọ tìẹ."

Ìtẹ́olúwa kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń wo nǹkan dáadáa. Ó wo bí bàbá náà ṣe jókòó: ìdí kan lórí àga, èkejì ò fara kàn án, ọwọ́ òsì di etí tábìlì mú gírígírí. "Ó jọ méje lójú tèmi," ni ó wí.

Ojú Bàbá Sàlàkọ́ dán. "Fi ọ̀kan lé e."

"Mẹ́jọ."

"Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà fún ọ. Kọ ọ́ sílẹ̀."

Ṣẹ̀rífátù, ìyàwó rẹ̀, tó jókòó sẹ́bàá ògiri, fi ìbòrùn bo ojú. "Láàárọ̀ yìí kí á tó jáde nílé," ni ó wí, "mẹ́jọ náà ló sọ fún mi."

Títí di òní, lẹ́yìn ikú bàbá náà, ìtàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí ni àwọn ará Ìtamága kọ́kọ́ máa ń sọ tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ìrora ló dà á lórí rú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù kan ṣáájú, ní ọsibítù kan tí wọn kì í dárúkọ, dókítà ọ̀dọ́ kan bi í ní ìbéèrè kan náà. Bàbá pe mẹ́wàá, ó sì ń dúró kí wọ́n dín in kù. Dókítà kò dín in kù. Ó kọ mẹ́wàá, ó sì fún un ní oògùn tó tó ìrora mẹ́wàá. Bàbá lò ó láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó jókòó sórí àga tòun ti fìlà kí ó lè tètè lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ọ̀sán Sátidé ló tó lajú. Kò bínú sí oògùn náà. Ohun tó ń dùn ún ni pé, "Ta ló tọ́ ọmọ yẹn? Mo pe mẹ́wàá, ó sì gba mẹ́wàá!"

Ó wá rò ó sọ́tùn-ún sósì. Ó ní àṣìṣe òun ni mẹ́wàá: ó wà nínú iye tí wọ́n kọ sí ìwé, ọmọ náà rò pé tòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ tí kò ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun dá a lóhùn.

Kàmọ́rù ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí i sí; ọkọ̀ ojú omi ló ń kàn níbẹ̀ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sí Ìkòròdú, ó sì ta pákó fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Pákó tó gbé ló ba eegun ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Ní 2004 wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Iṣẹ́ náà dára: ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ti ń kú lọ jí padà. Ìrora ẹ̀yìn nìkan ni kò lọ. Ó máa ń sọ fún àwọn tó bá wá kí i pé wọ́n ti lé onílé jáde, ṣùgbọ́n ayálégbé ṣì ń dáná nínú yàrá.

Ọláṣẹ́gun, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì ní Erékùṣù Èkó, fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n là á lẹ́ẹ̀kan sí i, Bàámi."

"Ṣé àgbọn ni mí?"

Dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà gbè sẹ́yìn bàbá. Ó ní fọ́tò inú ara ò fi ohun tó kù láti gé hàn; ojú àpá inú ló ń fa iṣan, bí wọ́n bá sì tún un là, àpá á tún pọ̀ sí i. Ìdárayá, ìrìn, oògùn kékeré fún iṣan, omi gbígbóná, àti sùúrù ló kù. Bàbá gba gbogbo rẹ̀ àyàfi sùúrù. Ó ní òun á wo tìyẹn ná.

Ohun tó ń lé e kì í ṣe ìrora nìkan. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan ní Ẹ̀pẹ́, Fàlílátù, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀yìn Fàlílátù yìí ni Kàmọ́rù dàgbà sí. Ọdọọdún ló ń lọ kí i, ṣùgbọ́n láti ìgbà iṣẹ́ abẹ kò lè jókòó sínú ọkọ̀ ju láti Ìtamága dé Gáréèjì Ìkòròdú lọ kí ó tó máa bẹ awakọ̀ pé kí ó dúró. Fóònù ló ń fi kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fóònù náà ló sì dá wàhálà sílẹ̀. Fàlílátù mọ bí àwọn ọmọ ṣe ń fi ikú pamọ́ fún àgbàlagbà; òun fúnra rẹ̀ ti fi ikú mẹ́ta pamọ́ fún àwọn tó jù ú lọ. Ó sì ti dá a lójú pé Kàmọ́rù ti kú sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni," bàbá á pariwo sínú fóònù.

"O ṣeun, ọmọ mi. O mọ ohùn rẹ̀ ṣe dáadáa."

"Èmi Kàmọ́rù ni!"

"Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere," ni Fàlílátù á wí, á sì dá fóònù padà fún ẹni tó mú un dání.

Nítorí náà, Ẹ̀pẹ́ ni bàbá ń wò nígbà tí ó bá ń na ẹsẹ̀ lórí ẹní ní kíníkì. Ìyẹn ò ní kó má ná an. Tí Ìtẹ́olúwa bá ní kí ó gbé ìdí sókè lẹ́ẹ̀mẹwàá, á ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n á pàdé ní márùn-ún. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni Ìtẹ́olúwa gbọ́n. Tí ó bá fẹ́ mẹ́wàá, á pe ogójì. Bàbá á làágùn lórí ọ̀rọ̀ náà kí ó tó làágùn lórí ẹní, á sì ṣe mẹ́wàá náà pé pérépéré. Ní ọ̀nà ilé á sọ fún Ṣẹ̀rífátù pé, "Láti ogójì ni mo ti fà á wálẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò mọ ọjà."

Ẹyọ ohun kan ni kò ná. Ìtẹ́olúwa kọ́ ọ bí yóò ṣe máa dìde lórí bẹ́ẹ̀dì: kí ó má ṣe fa ara sókè láti orí, kí èjìká àti ìdí yí padà pọ̀, kí ẹsẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kí ọwọ́ tì í dìde. Bàbá wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. "Bí a ṣe ń yí pákó gígùn nìyẹn," ni ó wí, "kí ó má baà lọ́." Ó sì dùbúlẹ̀, ó yí ara rẹ̀ bíi pákó olówó gọbọi tí wọn ò fẹ́ kó fara gbá nǹkan. Ní gbogbo ọdún tó kù fún un lókè eèpẹ̀, kò tún dìde lọ́nà mìíràn mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìrìn ló le jù. Ìtẹ́olúwa fẹ́ kí ó máa rìn lójoojúmọ́, bàbá á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á di ìbàdí mú, á ní ó tó. Lọ́jọ́ kan wọ́n ń ná an títí, Ìtẹ́olúwa kò gbà. Bàbá bá dìde. "Mo ń lọ o," ni ó wí, ó sì jáde bí oníbàárà tó fẹ́ kí wọ́n pe òun padà. Ìtẹ́olúwa ń kọ̀wé lọ́wọ́, kò rántí pè é. Nígbà tí ó wo ojú fèrèsé, ó rí ohun kan. Ẹni tó bá ń kúrò nídìí ọjà kò gbọ́dọ̀ rìn bí ẹni tí ọjà náà ń wù: Bàbá Sàlàkọ́ ti jọ̀wọ́ ìbàdí, ó gbé orí sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́, ó ń rìn lọ sí ibi géètì bí ẹni tí kò ní ìrora kankan láyé. Ìtẹ́olúwa dúró kí ó fọwọ́ kan géètì kí ó tó ké sí i pé, "Ó dáa, sà, ẹ máa bọ̀, ẹ mú un wá!"

Láti ọjọ́ náà, ó ń kọ̀ fún un lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ yìí á jẹ́ kí ó dé géètì, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á jẹ́ kí ó dé ìsọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà, èyí tó tẹ̀ lé e á jẹ́ kí ó dé iwájú mọ́ṣáláṣí, á wá sáré tẹ̀ lé e láti pè é. Ó rò pé òun ń tan bàbá jẹ. Ní oṣù kejì, ó sáré bá a dé ọ̀dọ̀ télọ̀ tó wà ní ìparí àdúgbò. Bàbá ti jókòó sórí àga kan tó ní tìmùtìmù lẹ́yìn, ó ń mu omi. Àná ló ti gbé àga náà fún télọ̀ pé kí ó bá òun tọ́jú rẹ̀. "O pẹ́," ni ó wí fún Ìtẹ́olúwa. "Mo ti mọ̀ pé ibí lo máa jẹ́ kí n dé lónìí."

Ìtẹ́olúwa ló tún ní kí ó máa rìn nínú omi ní Ìjẹ̀dẹ́, níbi tí ọ̀sà ò ti jìn ju ìbàdí lọ, nítorí omi á bá a gbé lára ìwúwo rẹ̀. Ṣẹ̀rífátù á jókòó sétí omi pẹ̀lú aṣọ ìnura, bàbá á máa lọ á máa bọ̀ nínú omi tòun ti fìlà, á máa bá ara rẹ̀ jiyàn. "Méje... rárá, ó ti pọ̀. Mẹ́fà àbọ̀." Àwọn apẹja wò ó wò ó. Ìgbà tó di ọjọ́ kẹta, àwọn méjì nínú wọn wa ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lọ bá a.

"Bàbá, kí ló bọ́ sómi lọ́wọ́ yín?"

"Ẹ̀yìn mi."

Wọ́n bá a wá a títí àwọ̀n wọn fi gbẹ.

Báyìí ni mẹ́jọ ṣe di méje, tí méje di mẹ́fà. Kò yára. Bí òjò bá rọ̀, á tún gòkè. Lójijì ni bàbá wọlé sí kíníkì lówùúrọ̀ ọjọ́ Tọ́sìdeé kan, ó jókòó, kò na ìka kankan.

"Mẹ́fà ni," ni ó wí. "Mi ò bu nǹkan kan lé e."

Ìtẹ́olúwa dúró kí ó fi ọ̀rọ̀ mìíràn tì í. Ṣẹ̀rífátù ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀: wọ́n pe àwọn láti Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀gbọ́n Fàlílátù ti ní kí wọ́n ra ẹ̀wà, ó ti ránṣẹ́ sí àwọn àáfà. Ó ní bí àwọn ọmọ ò bá fẹ́ sọ òótọ́ fún òun, òun á ṣe sàráà fún àbúrò òun lọ́jọ́ Àìkú kí òun náà tó kú. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí kò fi oúnjẹ gidi kan ẹnu.

"Ṣé mo lè dé Ẹ̀pẹ́?" ni bàbá béèrè.

Ìtẹ́olúwa mú bírò. Ó fa ìlà gígùn kan sórí ìwé, ó gé ìlà náà sí mẹ́rin: Ìmọ́tà, Àgbòwà, Ìtòkín, Ẹ̀pẹ́. "Ẹ ò ní jókòó ju ogún ìṣẹ́jú lọ kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Tí ibi tí mo kọ bá ṣì jìnnà, ẹ máa sọ̀ sójú ọ̀nà. Ẹ máa rìn díẹ̀, kí ẹ tó tún wọlé."

"Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú."

"Ogún, sà."

Bàbá wo ìwé náà. "Ogún," ni ó wí.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, Ọláṣẹ́gun ló wa ọkọ̀. Ṣẹ̀rífátù ká aṣọ kan, ó fi í sí ibi kòtò ìbàdí ọkọ rẹ̀, ó sì gbé fúláàsì omi gbígbóná dání. Ìtẹ́olúwa bá wọn lọ. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́, kò sì sọ ìdí. Ní Ìmọ́tà bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó ná ọ̀pẹ̀ òyìnbó títí ọlọ́jà fi ń rẹ́rìn-ín, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, kò ra nǹkan kan. Wọ́n ní ó ti ṣe dáadáa. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni ọ̀nà bàjẹ́.

Nígbà tí wọ́n dé Àgbòwà, ojú bàbá ti funfun. Wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, ó yí sórí rẹ̀ bíi pákó, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí àpótí. Ṣẹ̀rífátù rẹ tówẹ̀lì sínú omi gbígbóná, ó fún un, ó fi sí i lẹ́yìn.

"Bàámi, ẹ jẹ́ ká padà," ni Ọláṣẹ́gun wí. "Mo máa lọ gbé ẹ̀gbọ́n yín wá sí Ìkòròdú."

"Wọn ò ní wọ ọkọ̀ ẹ. Wọ́n á ní òkú lò ń gbé wọn lọ wò." Ó di ojú. Ìtẹ́olúwa kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bá a ka èémí: kó wọlé díẹ̀díẹ̀, kó pẹ́ jáde ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n kà á títí. Ewé kan já bọ́ sí àyà rẹ̀, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí ó tó la ojú.

"Ẹ yí mi dìde," ni ó wí.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí wọ́n dé Ẹ̀pẹ́. Àkàrà ti ń jáde nínú epo. Àwọn àáfà ti jókòó yí ká nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, Fàlílátù wà láàárín wọn lórí ẹní, aṣọ funfun lọ́rùn rẹ̀. Àáfà àgbà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Kí Ọlọ́run forí ji Kàmọ́rù ọmọ Sàlàkọ́."

"Àmín!" ni Bàbá Sàlàkọ́ dáhùn lẹ́nu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ sì ju ti gbogbo wọn lọ.

Àáfà kan sáré dìde, ó fi ẹsẹ̀ gbá abọ́. Fàlílátù kò sáré, kò pariwo. Ó ní kí ó súnmọ́ òun. Bàbá fi ọwọ́ di ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ara kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi kan ilẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Fàlílátù ti ọwọ́ bọ abẹ́ bùbá rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń wá nǹkan pẹ̀lú ìka láti ọrùn lọ sísàlẹ̀, títí ó fi kan ojú àpá.

"Ibí ni?"

"Ibẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó ń dùn ọ́?"

"Ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí n rìn."

Ọwọ́ náà kò kúrò níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni Fàlílátù yíjú sí àwọn tó ń dín àkàrà. "Kí lẹ ń wò? Ẹ̀wà ti lọ̀ ná. Ẹ bù fún un kí ó jẹ." Báyìí ni Bàbá Sàlàkọ́ ṣe jókòó sórí ìrọ̀rí gíga láàárín àwọn àáfà, tó jẹ àkàrà sàráà ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un ní méjì. Ó gba méjì náà, kò ná an. Fàlílátù fúnra rẹ̀ jẹ mẹ́rin.

Fàlílátù gbé ọdún kan àti oṣù díẹ̀ sí i, bàbá sì ń lọ kí i lóṣooṣù, ó ń sọ̀ kalẹ̀ ó ń tún wọ ọkọ̀. Ibà ló pa bàbá fúnra rẹ̀ ní 2009, láàárín ọjọ́ mẹ́rin, kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀ rárá. Títí ó fi kú, ìrora ò fi í sílẹ̀ tán. Mẹ́ta ni ní ọjọ́ tó dára, márùn-ún ní ọjọ́ òjò. Ó ti dẹ́kun pípe ju bó ṣe rí lọ. Àwọn ará Ìtamága ṣì ń sọ ìtàn rẹ̀, wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ìtẹ́olúwa náà máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ sàráà yẹn, kì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó kù fẹ́ sùn sí Ẹ̀pẹ́. Ìtẹ́olúwa ní iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Bàbá ní òun á sìn ín dé ojú títì.

"Ó jìnnà, sà. Ẹ padà níbí."

"Àlejò mi ni ọ́."

Wọ́n kọjá lẹ́bàá àwọn tó ń yan ẹja. Òórùn omi ń fẹ́ wá láti ìsàlẹ̀. Bàbá fi ibi tó ti kan ọkọ̀ ojú omi àkọ́kọ́ hàn án. Ilé ti wà níbẹ̀ báyìí. Nígbà tí wọ́n dé ojú títì, ọkọ̀ Ìkòròdú kan ti ń pe èrò.

"Ẹ má gbàgbé oògùn alẹ́, sà."

"Mi ò ní gbàgbé. Kí ilé fún mi, Ìtẹ́olúwa."

Ìtẹ́olúwa wọ ọkọ̀, ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Bàbá ti yí padà. Ewúrẹ́ kan sùn sí àárín ọ̀nà, bàbá rìn yí i ká. Ó kí obìnrin kan tó ń gbá ìta, obìnrin náà dá a lóhùn. Ó ṣí fìlà, ó fi gbọn eruku ojú rẹ̀, ó tún un dé. Kò di ìbàdí mú, kò sì bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń pe òun padà. Ó yà sí ọ̀nà ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń lọ.